Ṣé omi àti ewé nìkan ló wà ní dẹ́lítà Orinoco?

Ìbéèrè olùkà

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó láti lọ wo dẹ́lítà odò Orinoco ní ìlà-oòrùn Venezuela, níbi tí odò náà ti fọ́nká sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka nínú igbó kí ó tó wọ òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó lọ lọ́dún tó kọjá ní kí n má wulẹ̀ dààmú ara mi. Ó ní ọjọ́ méjì ni òun fi jókòó sínú ọkọ̀, omi àti ewé nìkan ni òun sì rí, àti pé ọmọdé tó bá lo wákàtí kan nínú ọgbà ẹranko ti rí jù òun lọ. Àwọn kan ní oṣù tí ó lọ ni kò dára. Àwọn mìíràn ní ẹ̀fọn àti píráńà ni kí n kọ́kọ́ rò. Ta ni kí n gbà gbọ́? Òru mélòó ni ó tó, oṣù wo ni ó sì yẹ?

* * *

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Ohun tí ó rí ni ó sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sì rí fún èmi náà nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Ohun tí kò sọ fún yín ni bí wọ́n ṣe gbé e lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì ńlá ni, pé oòrùn ti mú kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, pé ojú odò ńlá nìkan ni wọ́n gbà, àti pé wọ́n ti gbé e padà lọ́jọ́ kejì kí ojú rẹ̀ tó mọ igbó náà. Ẹni tí wọ́n bá fi eré gbé kọjá láàárín igbó, ewé ni yóò rí. Ọgbà ẹranko tí ó fi wé e kò bá ọ̀rọ̀ mu rárá, nítorí pé inú ọgbà ni wọ́n ti kó ẹranko wá bá èèyàn, ṣùgbọ́n nínú dẹ́lítà èèyàn ni àlejò, ẹranko ni yóò sì pinnu bóyá òun fẹ́ yọjú.

Nígbà kejì tí mo lọ, ọkùnrin kan láti inú ẹ̀yà Warao, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń gbé inú dẹ́lítà náà, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó darí wa. Nígbà tí a dé ẹnu odò kékeré kan tí kò fẹ̀ ju yàrá ìgbàlejò lọ, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé àjẹ̀, ó sì fi ìka kan ètè. Omi ibẹ̀ dúdú bí àgbo tí ó ti sè kanlẹ̀, nítorí ewé tí ó ń rà sínú rẹ̀, ó sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀ka igi tí ó wà lókè orí wa fi hàn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí. A kò tíì lo ìdajì wákàtí tí a fi rí ẹyẹ hoatzin mẹ́rin lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹyẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó adìyẹ, ojú rẹ̀ búlúù, ìyẹ́ orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ewé ni ó sì ń jẹ bí ewúrẹ́, ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi dà bí ti ibùjẹ màlúù. Ọmọ rẹ̀ máa ń ní èékánná lápá: bí ewu bá dé, á já bọ́ sínú omi, á lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fi èékánná apá yẹn gun igi padà sínú ìtẹ́. Láti inú ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì, ẹ kò ní rí i. Ariwo ni àwọn ẹranko ibẹ̀ ń sá fún ju èèyàn lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohun tí mo pè ní ìjì láti ọ̀nà jíjìn, mo sì ti ń fọwọ́ wá ẹ̀wù òjò mi nínú òkùnkùn kí amọ̀nà tó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ ni. Àwọn ọ̀bọ pupa tí wọ́n ń pè ní araguato ni wọ́n ń ké bẹ́ẹ̀, agbo kan ń sọ fún agbo kejì pé ibi tí òun wà nìyí.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ oṣù, mo ti ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yín, ọ̀nà méjì ni ó sì pín sí. Àwọn tó fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ní kí èèyàn lọ láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, nítorí pé òjò kò pọ̀, ìrìn sì rọrùn lórí ilẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ìgbà òjò ní oṣù Kẹjọ ni odò máa ń kún jù, pé nígbà náà ni ọkọ̀ lè wọ àárín igi níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé.

Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odò kan ṣoṣo ni Orinoco. Lókè odò, ní ìlú Ciudad Bolívar, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí omi fà jù, ní nǹkan bí oṣù Kẹta, àti ìgbà tí ó kún jù, ní oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, lé ní mítà 10. Bí a bá ti ń sún mọ́ òkun ni ìyàtọ̀ yìí ń dínkù, títí tí òkun fúnra rẹ̀ yóò fi gba àṣẹ lọ́wọ́ òjò. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Caño Mánamo tún wà, ẹ̀ka tí ó gba ìwọ̀-oòrùn dẹ́lítà kọjá, tí ọ̀pọ̀ àlejò sì máa ń gbà wọlé láti èbúté San José de Buja tàbí Boca de Uracoa. Ní ọdún 1966, ìjọba fi ìdènà erùpẹ̀ dí Mánamo nítòsí ìlú Tucupita nítorí pé wọ́n fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ fún oko, ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó kọjá láti ìgbà náà. Oko tí wọ́n ń retí kò rí bí wọ́n ṣe rò. Ilẹ̀ tí omi ti bò láti ayébáyé di kíkan nígbà tí ó gbẹ, omi iyọ̀ gòkè wá láti òkun torí pé omi odò kò lágbára mọ́ láti tì í padà, ẹja kú, ọ̀pọ̀ Warao sì fi ibùgbé wọn sílẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé ó kan ìbéèrè yín tààrà. Ẹni tó bá lọ sí Mánamo ní oṣù Kẹjọ pé òun fẹ́ wo ìkún omi Orinoco ti ṣi ọ̀nà, nítorí pé ìkún omi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìkún omi gidi, kí ó béèrè ẹ̀ka Macareo tàbí Río Grande, tí í ṣe ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè oṣù, ẹ béèrè ẹ̀ka odò tí wọ́n máa gbé yín gbà. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ san owó fún kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.



* * *

Aago tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ti omi, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ torí pé òun ni àwọn tó ń ta ìrìn àjò kì í sọ. Ìgbà méjì lóòjọ́ ni omi òkun ń kún wọlé, ìgbà méjì ni ó sì ń fà padà. Láti ìkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìyẹn ni pé bí omi bá kún ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ òní, nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò kún ní òwúrọ̀ ọ̀la. Odò kékeré tí ẹ wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá lè di ẹrẹ̀ lásán ní aago kan náà lónìí. Àwọn tí wọ́n ti ṣètò ohun gbogbo sínú ìwé, aago mẹ́jọ oúnjẹ, aago mẹ́sàn-án ọkọ̀, kì í bá omi ṣe é pọ̀.

Ìrìn àjò mi àkọ́kọ́ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ilé iṣẹ́ tí mo bá lọ, tí n kò ní dárúkọ, fún wa ní ọmọkùnrin kan tí ó ń gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ará odò náà. Ó gbé wa wọ inú ẹ̀ka tóóró kan nígbà tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé a ń ya fọ́tò, nígbà tí ó sì fẹ́ yí padà, ọkọ̀ kò mira mọ́. Wákàtí márùn-ún ni a fi jókòó. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹrẹ̀ náà rì dé itan, a fi okùn fà á jáde, ẹrẹ̀ sì gba bàtà rẹ̀. Omi mímu wa tán láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́, ọmọkùnrin náà kò sì dẹ́kun àtimáa gbé fóònù tí kò rí ìsopọ̀ sókè sódò.

Síbẹ̀, kí n má purọ́, àárín wákàtí márùn-ún yẹn ni mo rí ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n rí nínú gbogbo ìrìn náà. Nígbà tí a ti dákẹ́ láti bí ìdajì wákàtí, torí pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ bá ara wa sọ ju èébú lọ, àwọn akàn wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ihò lára ẹrẹ̀, ọ̀kan, mẹ́wàá, títí tí gbogbo ilẹ̀ láàárín gbòǹgbò igi fi ń rìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹyẹ ibis pupa balẹ̀, pupa bí osùn, wọ́n ń fi ẹnu gígùn títẹ̀ wọn yọ àwọn akàn náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Akàn àti edé yìí gan-an ni ó ń sọ wọ́n di pupa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ, eérú àti funfun ni àwọ̀ wọn. Wọn kò tó mítà mẹ́wàá sí wa, wọn kò sì kà wá sí. Nígbà tí omi padà dé tí ẹ́ńjìnnì sì ké, wọ́n ti lọ kí n tó ṣẹ́jú.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ẹrẹ̀ náà ti gbá mú. Ní ọdún 1595 tí Walter Raleigh ará Ìlú Ọba ń wá wúrà wọ inú dẹ́lítà yìí, ó fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ ní Trinidad torí pé omi kò jìn tó fún wọn, síbẹ̀ ọkọ̀ tí ó mú wọlé há mọ́lẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n mú ní tipátipá ni ó sì ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1498, omi tí kò níyọ̀ tí àwọn ẹ̀ka odò yìí ń dà sínú òkun ni ó mú kí Columbus mọ̀ pé ilẹ̀ ńlá ni ó wà níwájú òun, kì í ṣe erékùṣù.

* * *

Píráńà àti ẹ̀fọn: ẹ̀fọn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Píráńà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ẹran lẹ́nu ìwọ̀ mú méjì. Wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àyà wọn pupa, nígbà tí atukọ̀ sì fi ẹnu ọ̀bẹ gbé ètè ọ̀kan sókè, eyín rẹ̀ jọ ti ayùn, tòkè àti tìsàlẹ̀ wọnú ara wọn láìku àlàfo. Àwọn ọmọ Warao ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan náà lójoojúmọ́. Ibi tí omi ti fà tí ẹja há sí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń da ìfun ẹja sómi, ni kí ẹ má ti wọ omi. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ú lọ ni ẹja pẹlẹbẹ kan tí ó máa ń bo ara rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn, tí ẹ̀gún olóró sì wà ní ìrù rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn nínú omi tí kò jìn, kí ó máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí ẹja náà lè gbọ́ ọ kí ó sì kúrò lọ́nà. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ti ẹ̀fọn, èrò kan wà láàárín àwa èèyàn wa tí mo fẹ́ ta kò gidigidi, pé àwa tí ibà ti ń ṣe láti kékeré kò nílò oògùn kankan. Agbára tí ara ń ní sí ibà máa ń dínkù bí èèyàn bá ti kúrò níbi tí ó ti ń ṣe é lemọ́lemọ́, ibà sì wà ní ìpínlẹ̀ Delta Amacuro tí dẹ́lítà yìí wà. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn kí ẹ tó gbéra. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wọ ara yín ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó rin ìrìn àjò; láti ọdún 2016, káàdì rẹ̀ kì í tán mọ́ títí ayé ẹni tó ni ín. Nẹ́ẹ̀tì, aṣọ alápá gígùn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ nítorí kantíkantí, ó tán.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá ó dára kí èèyàn máa wọ ilé àwọn Warao lọ wò. Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, n kò sì gbà pẹ̀lú apá méjèèjì tó ń jà lórí rẹ̀.

Àwọn Warao lé ní 48,000 nínú ìkànìyàn ọdún 2011, wọ́n sì ti wà lórí omi yìí tipẹ́tipẹ́ kí orílẹ̀-èdè kankan tó ní orúkọ níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń túmọ̀ orúkọ wọn sí àwọn ọlọ́kọ̀, torí pé «wa» ni ọkọ̀ nínú èdè wọn. Orí òpó ni ilé wọn wà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo òrùlé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní ògiri. (Ìtàn tí àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé irú ilé báyìí nínú dẹ́lítà ni ó mú kí wọ́n pe ilẹ̀ náà ní Venezuela, «Venice kékeré», ti ṣi ibùdó: adágún Maracaibo, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà, ni ìtàn náà sábà máa ń tọ́ka sí.)

Ilé tí kò ní ògiri ni gbogbo wàhálà. Àlejò tó bá gun pátákó ìdíkọ̀ ti wà nínú yàrá èèyàn nìyẹn. Mo rí ọkùnrin kan tó na kámẹ́rà sí ojú ìyá ọlọ́mọ tó ń sùn lórí ibùsùn àsokọ́. Apá kan ní kò burú, pé owó ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Apá kejì ní kí ẹnikẹ́ni má lọ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo bá pàdé kò sọ pé kí n má wá. Ohun tí wọ́n ń ṣàròyé lé lórí ni àwọn tó ń dé láìkí ènìyàn, tí wọ́n ń há súìtì fún ọmọdé bí ẹni tó ń fún adìyẹ lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń lọ láìra nǹkan kan.

Mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ṣe okùn láti ara ọ̀pẹ moriche. Ó na ìfọ́n ewé méjì sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí wọn síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó fà wọ́n sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, okùn sì ti délẹ̀, kò wò ó rárá. Ọ̀pẹ kan náà yìí ni wọ́n ń fi hun ibùsùn àsokọ́ àti apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń yọ ìyẹ̀fun láti inú igi rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ìdin tó ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ kan, ọwọ́ mi ti mọ́ nínú ọjà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìyá náà kò dáhùn. Amọ̀nà ni ó sọ fún mi ní jẹ́jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi hun ún. Mo san iye tí ó pè, ojú sì tì mí títí a fi dé ibùdó.

* * *

Ẹni tó bínú sí mi pé mò ń pe èèyàn lọ sí ibi tí kò fara rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nípa ìrìn àjò lọ sí Venezuela, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sì san owó fún ẹni tó bá kọtí ikún sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ti ìjọba ibi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ Warao fúnra wọn ti ṣí lọ sí Brazil, Guyana àti Trinidad láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, nítorí ebi àti àìsí oògùn. Ẹni tó bá dé ilé tí ó ṣófo lórí òpó, kí ó má rò pé wọ́n lọ sóko.

* * *

Ẹ padà béèrè: òru mélòó, oṣù wo?

Òru mẹ́rin, kí ó sì jẹ́ ibùdó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi òru méjì lọ, ọ̀sán kìíní á lọ sí ìrìn wíwọlé, ọ̀sán kẹta sí ìrìn jíjáde, omi lè má sì kún ní wákàtí tí ó bá a lára mu rárá. Òru mẹ́rin á jẹ́ kí ẹ rí i bí aago omi ṣe ń sún, ẹ ó sì padà sí odò kékeré kan náà nígbà tí ó kún àti nígbà tí ó fà, torí pé odò méjì ni wọ́n. Bí ẹ bá lè wọ apá Mariusa tó sún mọ́ òkun, tí wọ́n sọ di ọgbà ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, ẹ fi òru kan kún un.

Ti oṣù, èmi á lọ ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta bí Mánamo bá ni, torí òjò. Bí Macareo bá ni, oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì fara mọ́ ọn pé òjò á pa yín.

Ohun méjì ni kí ẹ kọ sínú àdéhùn kí ẹ tó san owó: pé ará odò náà ni yóò wa ọkọ̀, àti pé àjẹ̀ á wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Ní ti ibi tí ẹ ó jókòó sí, iwájú pátápátá ni. Òjò á kọ́kọ́ bá yín níbẹ̀, okùn aláǹtakùn tó ta kọjá odò á lẹ̀ mọ́ yín lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú ni ó ń kọ́kọ́ rí ẹranko.